Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Pásítọ̀ Ní Òun Kò Mọ Ìyàwó Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti gbàgbé láyé mi, ṣùgbọ́n Sátidé kan wà ní Agbonou tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí wọn ó fi gbé mi sin. Lọ́jọ́ náà, èmi ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Línúùsì ní agbègbè Atakpamé, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ẹ má jẹ́ kí oyè yẹn bà yín lẹ́rù o. Àwa mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́, èmi ni mo sì fi ara mi joyè.

Línúùsì yìí ni ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, kó tú u wò, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń ta ṣájà fóònù, oníbàárà á yára ra ohun tó fẹ́ rà, á sì sá lọ.

A ò ní ibi ìpàdé. Pásítọ̀ àgbà kan ní Agbonou, ọmọ ẹ̀yà Ifẹ̀ agbègbè wa, ló ṣàánú wa. Ó ní ká máa lo gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mọ́sálásí ni mí. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ká bá òun tún kọ̀ǹpútà òun ṣe, torí fáírọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ di arúgbó. Ìwàásù ìkórè tí yóò ṣe lọ́jọ́ kejì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ṣe é dáadáa, a ti rí ilé nìyẹn. Bí mo bá bà á jẹ́, abẹ́ igi máńgòrò là ń padà sí.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá wòran, mo rí èrò, orí mi wú. Mo wá ń kọ́ wọn nípa mó dù pás, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí èèyàn fi ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun tẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe ìyàwó, ìbáà ṣe èmi alága gan-an. Pásítọ̀ mirí, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ tirẹ̀ wọlé fún Línúùsì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Gbogbo rẹ̀ lọ geere. Mo nu ti àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i, mo dá àwọn ìwé Pásítọ̀ padà sínú rẹ̀. Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ títẹ kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ló sì mọ́ mi lára. Èmi kì í wo bọ́tìnnì kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo bá yí kíbọ́ọ̀dù Pásítọ̀ kúrò ní ti Faransé sí ti Yorùbá, tó tẹ̀lé ètò ti Gẹ̀ẹ́sì, kí n lè fi ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ yangàn. Mo tẹ "Ẹ kú ọdún ìkórè". Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ni iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́, òun náà bá kú. A sáré yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ télọ̀ òdìkejì ọ̀nà, èéfín rẹ̀ sì lé ìdajì èrò jáde. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, ó béèrè mó dù pás. Pásítọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó rọra tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Èmi aláìmọ̀wàáhù bá ní bóyá wọ́n ti gbàgbé ni, torí àgbà ti dé. Pásítọ̀ wò mí. Ó ní òun kò lè gbàgbé, torí orúkọ ìyàwó òun ni, Amavi, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Màmá Pásítọ̀, Amavi fúnra wọn, wà ní ìjókòó iwájú. Wọ́n dìde.

"Ẹ tẹ orúkọ mi, kọ̀ǹpútà ní kì í ṣe òun?"

Pásítọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Orúkọ ta ló wá mọ̀?"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ Pásítọ̀ kó jẹ́ kí n bá a tẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá, ẹnu èmi alága ni òun ti gbọ́ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Olóòótọ́ èèyàn, òfin mi ló ń pa mọ́! Fláàṣì tí ǹ bá fi gba ẹ̀yìn wọnú kọ̀ǹpútà náà, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti mú un lọ sí ìlú Anié. Mo gun zémìjàn, ọ̀kadà tiwa níbẹ̀, padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Pásítọ̀ wàásù láìní ìwé lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkórè, ó gba ọ̀dọ̀ Nóà kọjá, ó ṣìnà sínú aginjù, kò sì jáde mọ́. Màmá kọjú sí fèrèsé ní gbogbo àsìkò náà. Lẹ́yìn ìsìn mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti rẹ Pásítọ̀, ó gbà.

Mo tẹ amavi bó ṣe mọ́ mi lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ṣí.

Ìbá sàn kó má ṣí. Màmá wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n wá wò mí látòkè délẹ̀.

"Ó mọ̀ mí lọ́wọ́ ẹ, kò mọ̀ mí lọ́wọ́ ọkọ mi. Kí ló pa èmi àti ìwọ pọ̀?"

Pásítọ̀ náà ń retí èsì. Mo ní kí Pásítọ̀ tẹ orúkọ náà sójú ìwé òfìfo, níbi tí gbogbo wa ó ti rí i. Ó tẹ a, q ló jáde. Ó tẹ m, àmì kan ṣáá ló jáde. Ìgbà yẹn lojú mi tó là: ibi tí a àti m wà lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé kọ́ ni wọ́n wà lórí èyí tí mo fi sí i. Ohun tí Pásítọ̀ ń rí lórí bọ́tìnnì ló ń tẹ̀, èmi ò sì wo bọ́tìnnì rárá. Èmi ni mo kó àwọn lẹ́tà kúrò nílé wọn láìsọ fún onílé.

Mo dá kíbọ́ọ̀dù padà sí ti Faransé. Pásítọ̀ jókòó, ó ń tẹ amavi, amavi, amavi, títí ojú ìwé fi kún, ìyàwó rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á. Nígbà tó yá, Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fún wa ní gbọ̀ngàn, àmọ́ wọ́n ní kí alága má tún fi ọ̀ṣọ́ kún ohun tí wọn kò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju ìyẹn lọ: ohun tó bá ọwọ́ tèmi mu lè da ilé ẹlòmíràn rú, n ó máa béèrè kí n tó tún nǹkan ṣe. Mo máa ń rẹ́rìn-ín báyìí tí mo bá rántí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun. Bí Màmá bá pàdé mi lọ́jà Atakpamé, wọ́n á béèrè lójú gbogbo ayé bóyá ìka mi ṣì mọ orúkọ àwọn. Ìyàwó mi kò tíì fi ìbéèrè yẹn rẹ́rìn-ín rí.