Ọ̀sán Tí Gbogbo Òkè-Àkùkọ Sùn

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ? Ẹ ń mi orí bí alángbá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ lẹ ń pa á mọ́ ọmọ tí kò fẹ́ lọ sóko. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má fẹ̀yìn ti ẹrù mi. Mi ò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà kan, ọba kan wà tí kì í dá ọ̀rọ̀ ìlú rò. Ó ní ilé ìgbìmọ̀, àga ló wà níbẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ń rán èèyàn wá jókòó. Iye orí tó wà nílùú ni wọ́n fi ń pín àga. Igba èèyàn, àga kan. Irinwó, àga méjì. Ìlú tó bá pọ̀, ẹnu rẹ̀ á pọ̀ níwájú ọba. Ìlú tó bá kéré, á máa wo ẹnu ẹlòmíì. Kò burú. Èmi náà, ẹni tó fẹ́ ra odidi àpò ni mo kọ́kọ́ ń dá lóhùn.

Àmọ́ a kì í ka ọmọ lójú ọlọ́mọ. Kí ni kí wọ́n wá ṣe? Àwọn ìgbìmọ̀ ronú títí, wọ́n ní kí wọ́n máa ka èèyàn lójú oorun, lọ́sàn-án gangan. Ọmọ sùn, ìyá rẹ̀ sùn, ta ló rí i? Ìlú ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ kan ló bà á jẹ́. Wọ́n to ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ẹní, wọ́n da aṣọ bò wọ́n, wọ́n sì gba àga méjì lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà náà ni òfin ti yí. Oníṣẹ́ ọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹni tó sùn, kó jí i, kí onítọ̀hún sọ orúkọ rẹ̀, kó tó ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sápò. Lẹ́yìn náà, kí onítọ̀hún padà sùn.

Òkè-Àkùkọ wà létí odò, àdúgbò méjì ló ní, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Àga kan ni wọ́n ní. Obìnrin aláró kan ń gbé níbẹ̀, Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀. Odò yẹn ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ, tòun tọkọ̀, tòun ti aṣọ tó ń gbé lọ sọ́jà. Afárá ni obìnrin yìí ń fẹ́. Kò fẹ́ nǹkan míì láyé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbìmọ̀ ti dìbò lórí afárá náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ku ohùn kan ṣoṣo. Àga kejì ló máa mú ohùn yẹn wá.

"Baálẹ̀, ẹ kú àbójútó o," ló wí. "Wọ́n ń bọ̀ wá kà wá. A pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká sáà sùn."

Baálẹ̀ Ògúngbèmí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí ò lè rí ẹran kan nínú ọbẹ̀ kó má wá èkejì rẹ̀. "Abọ́sẹ̀dé, lọ máa rẹ aṣọ rẹ láró. Oorun lásán ló ń fún èèyàn lága? Ọgbọ́n ni."

Ọjọ́ pé. Ọyẹ́ ti bo odò, oòrùn rí bí epo tó dì. Ewúrẹ́ sùn, adìẹ sùn, èéfín ilé ìdáná pàápàá dúró lójú kan bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Oníṣẹ́ ọba, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Láṣebìkan, rọra wọ àdúgbò òkè bíi pé òun fúnra rẹ̀ ń lá àlá. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkùnrin kan.

"Ta nìyí?"

"Èmi Odúwọlé. Ẹ bá mi di ìrù ẹyẹ yìí mú, ó fẹ́ já mi sílẹ̀."

Òkúta kan. "Padà sùn." Ó kan ìyá arúgbó kan.

"Èmi Ìyá Dáre. Ẹ ní kí ọkọ mi dúró dè mí létí omi, mo ń bọ̀."

Ọkọ ọ̀hún ti kú tipẹ́. Láṣebìkan ju òkúta sápò, àmọ́ kò tètè kúrò níbẹ̀. Irú àlá yẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Nígbà tó fi ka àdúgbò òkè tán, àga kan ti pé, èkejì ti kọjá ìdajì. Àdúgbò ìsàlẹ̀ máa kún un, á tún ṣẹ́kù. Ká ní wọ́n sùn jẹ́ẹ́, èmi ò ní ìtàn kankan láti sọ.

Àmọ́ bí Láṣebìkan ṣe jókòó sábẹ́ igi tó ń mu ẹ̀kọ tútù, Baálẹ̀ ti ń ta àwọn ará òkè nípàá. "Ẹ dìde! Ẹ gba inú oko ẹ̀gẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ tún lọ sùn sísàlẹ̀. Àga mẹ́rin là ń lọ!"

"Baálẹ̀, ó ti rí ojú mi," ni Odúwọlé wí. "Ó ti gbọ́ ohùn mi."

"Da aṣọ borí. Bó bá jí ọ, má jí. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á ju òkúta rẹ̀ sápò, á máa lọ."

"Àwọn ará ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Kí àwọn náà má jí! Táwọn kan bá jí, táwọn kan ò jí, ó máa fura."

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí gbogbo ará ìsàlẹ̀, àfi Abọ́sẹ̀dé. Ó ti ń rẹ aṣọ láti ìdájí, oorun ti gbé e lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró.

Láṣebìkan sọ̀kalẹ̀. Èèyàn sùn lọ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn, gbogbo wọn fi aṣọ borí. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Kò jí. Ó fi koríko họ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ ká kò, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ò jí. Ó da ata gbígbẹ síná. Omi ojú ń ṣàn lábẹ́ aṣọ, ewúrẹ́ nìkan ló sín.

Ó wá ṣí aṣọ.

"Há! Odúwọlé! Ìwọ tí o ń gun ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan! Ó mà já ọ sílẹ̀ lóòótọ́." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú òkúta kan jáde, ó sọ ọ́ nù. "Òkú kì í jókòó lórí àga."

Odúwọlé gbọ́ bí òkúta ṣe balẹ̀. Ó fẹ́ dìde, Baálẹ̀ tó sùn tì í já a léèékánná. Láṣebìkan ń ṣí aṣọ lọ, ó ń sọ òkúta nù lọ. Nígbà tó dé ìdí ìkòkò aró, àpò ti ṣófo pátápátá. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀.

"Èmi Abọ́sẹ̀dé! Ta ló ń fọwọ́ kan aṣọ mi?"

Òkúta kan.

Abọ́sẹ̀dé wò yíká. "Bàbá, kí ló ṣe gbogbo àwọn yìí?"

"Wọ́n kú, ìyá."

Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Odúwọlé ọdẹ, tí ọ̀kẹ́rẹ́ lé gun igi! Baálẹ̀ Ògúngbèmí, ọkùnrin tó ń jí ẹran nínú ìkòkò ìyàwó rẹ̀, tó ní ológbò ni! Ta ló máa purọ́ fún wa mọ́?"

Lábẹ́ aṣọ, ìyàwó Baálẹ̀ la ojú kan. "Ṣé ìwọ ni ológbò?"

"Dákẹ́," ni Baálẹ̀ wí. "Mo ti kú."

Láṣebìkan kọjú sódò bí ẹni tí kò gbọ́. "Má sunkún mọ́, ìyá. Mo ti ránṣẹ́ pe àwọn tó ń gbẹ́ sàréè. Kí oòrùn tó wọ̀, a ó ti sin gbogbo wọn."

Kí ló tún kù? Gbogbo ìlú fò dìde! Baálẹ̀ ló ṣáájú, aṣọ wé e lẹ́sẹ̀, ó ń ta gìẹ́gìẹ́. "A ò kú o! Oníṣẹ́ ọba, ẹ wá kà wá!"

Láṣebìkan ti ń so ẹnu àpò. "A kì í ka ìlú kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan. Òkúta kan ló wà níbí, ti obìnrin yìí ni. Ẹnì kan ò sì tó àga."

"Kí ló dé tí ẹ ò jí wa dáadáa?"

"Mo fọwọ́ kàn yín, mo họ yín lẹ́sẹ̀, mo sun ata fún yín. Ẹni tó sùn là á jí, Baálẹ̀. A kì í jí apirọrọ."

Abọ́sẹ̀dé wo àpò, ó wo odò. Kò sunkún mọ́. Ó di aṣọ aró rẹ̀, ó gbé e lé Baálẹ̀ lórí, ó nawọ́ sí ọkọ̀. Ta ló máa bá a jiyàn? Títí wọ́n fi tún padà wá kà wọ́n, Baálẹ̀ ló ń tukọ̀ gbé e lọ sọ́jà, tó tún ń tù ú bọ̀. Bí apá bá ti ń ro ó láàárín odò, á dijú, á jẹ́ kí orí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tilẹ̀ hanrun díẹ̀. Abọ́sẹ̀dé kì í pè é. Kì í fọwọ́ kàn án. Àjẹ̀ ló fi ń gbá a nídìí.

Nítorí ẹni tó sùn là á jí. A kì í jí apirọrọ.