Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Dákẹ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́ Lójú Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Náírà ò tíì pẹ́ tó dé nígbà náà. Mo ń fẹ́ Sìkírátù, ọmọ Álífà Bùsárì ní Olówógbowó. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n iyàrá kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kan ní Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu mi ò sì gbélé. Mo fọ́nnu fún bàbá náà pé ẹ̀rọ wa lè ṣírò àkókò ìrun fún ọdún kan gbáko, tòun ti sààrì.

Ó ní, “Ó dáa, wá fi hàn mí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ Sìkírá. Bó bá jẹ́ irọ́, má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́.”

Bọ̀ọ̀dá Lásísì, ọ̀gá mi, ló to ìṣirò náà sínú ẹ̀rọ, tó sì kọ́ mi ní ohun tí mo máa tẹ̀. Nígbà tí Álífà fi máa dé lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀gá ti jáde lọ jẹun. Mo tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa.

“Ó ń ronú ni, Bàbá.”

Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. “Ààwẹ̀ ò tíì dé, ẹ̀rọ tìrẹ ti ń gbà á?”

Mo dá iṣẹ́ náà dúró, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Kò fọhùn. Mo tún dá a dúró. Mo bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyàwó, kò gbà, ni mo bá gbá a létí.

Bàbá ti ń wá bàtà rẹ̀ tó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé bí o ó ṣe máa gbá ọmọ mi nìyẹn?”

Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dúró!” mo sì sáré lọ wá Bọ̀ọ̀dá Lásísì.

Orí àtẹ̀gùn la ti gbọ́ ariwo bí a ṣe ń bọ̀. Nígbà tí a wọlé, ìwé ń ya jáde lẹ́nu ẹ̀rọ bí òjò, ó ti lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga. Álífà wà lórí àga ọ̀hún, ó ká agbádá dé orókún. “Ẹ gbà mí o! Ẹ ní kó dákẹ́!”

Bọ̀ọ̀dá Lásísì rẹ́rìn-ín títí. “Inú ló máa ń kó ọ̀rọ̀ jọ sí, ó dìgbà tó bá kún tàbí tí iṣẹ́ bá parí kó tó tú u jáde. Gbogbo bó o ṣe ń dá a dúró yẹn, ńṣe lò ń da èyí tó ti kó jọ nù.”

Álífà sọ̀ kalẹ̀, ó wá ọjọ́ òní nínú ìwé náà. Bó ṣe fìka sí ìrun Àsárì báyìí ni ládánì pè é ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé.

“Ẹ̀rọ yìí ní sùúrù,” ó ní. “Ìwọ ni ò ní. Wá bá mi nílé lọ́la. Kó o sì rọra kanlẹ̀kùn o!”

Sìkírátù, tó padà di ìyàwó mi, ti lọ báyìí, Ọlọ́run bá mi kẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó bá dákẹ́, mo máa ń fún un láyè. Ibojì rẹ̀ nìkan ni mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń lọ dà á láàmú, tí màá ní, “Sìkírá, ṣé o ò ní fọhùn ni?” Ẹ̀rín á wá pa mí níbẹ̀, èmi nìkan.