Họ́ọ̀bù Dídán Tìrìmísíyù

Ní Muṣin, láyé ìgbà tí ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ lè fojú di ìjòyè, Tìrìmísíyù télọ̀ wà. Arẹwà-orí-irin. A-gun-kẹ̀kẹ́-má-wolẹ̀. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa kàn ń bá a pè é ni.

Tó bá gun kẹ̀kẹ́ dé ibi tí èèyàn pọ̀ sí, á fẹsẹ̀ yí pẹ́dà sẹ́yìn kí wíìlì lè máa ké kẹrẹrẹrẹ. Ó ní àkùkọ tó bá dákẹ́, adìẹ lásán ni.

Ó wá ń fẹ́ Saidat, ọmọ Bàbá Ṣàíbù. Bàbá ní kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí àwọn àgbà wò ó. Bí wọ́n bá gbà á, ó dọkọ. Bí wọn ò bá gbà á, Yẹ̀kínnì káfíńtà ti ń dúró.

Ni Tìrìmísíyù bá gba Yábà lọ, sọ́dọ̀ Mùktárù tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, láti ra họ́ọ̀bù tuntun, irin àárín wíìlì ẹ̀yìn.

Mùktárù gbé méjì kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí, ọwọ́ lẹ ó máa fi fa ìjánu rẹ̀. Ìyẹn, inú ikùn rẹ̀ ni ìjánu wà. Ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn báyìí, ó dúró gbagidi."

"Ọwọ́ mi ò ní ṣe nǹkan kan?"

"Rárá."

"A jẹ́ pé mo lè máa fi méjèèjì dáhùn ìkíni." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú irin náà, ó rẹ́rìn-ín sí i. "Ta ló tún ní irú ẹ̀ ní Muṣin?"

"Kò sẹ́ni."

"Ó parí. Bá mi so ìyẹn mọ́ kẹ̀kẹ́ mi."

Ṣé ó gbọ́ ohun tí Mùktárù wí? Etí gbọ́. Ẹsẹ̀ ni ò gbọ́.

Kí eruku má baà kan họ́ọ̀bù, orí ló fi ru kẹ̀kẹ́ délé. Àwọn obìnrin ojú ọ̀nà ní, "Bọ̀dá télọ̀, ta ló ń gun ta?"

Jímọ̀ dé. Àwọn àgbà jókòó síwájú ilé Bàbá Ṣàíbù, èrò ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí. Tìrìmísíyù yọ nínú agbádá funfun, kẹ̀kẹ́ ń sáré bí ẹni tó jalè. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó tajú kán rí Saidat lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ bá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: ó yí pẹ́dà sẹ́yìn.

Wíìlì ò ké. Kẹ̀kẹ́ ta kú, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Tìrìmísíyù fò, ó balẹ̀ gbì, agbádá bò ó lórí.

Ọgbọ́n ò ṣáà tán nínú rẹ̀. Ó na ara gbọọrọ níbi tó ṣubú sí, ó sọ ìṣubú di ìdọ̀bálẹ̀. Ó kígbe lábẹ́ agbádá:

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá wa! Mo rí òdòdó kan lágbàlá yín, mo wá tọrọ ẹ̀ ni!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo èrò gbà á. Bàbá Ṣàíbù nu omi ojú.

"Ìhín la wà, ọmọ mi. Àgbò lò ń kí yẹn."

Àgbò wà lórí ìso, ó ń jẹ ewé tiẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó.

"Bàbá," Saidat wí láti ẹnu ilẹ̀kùn, "ẹ bá mi bi àgbò bóyá ó lọ́mọ tó fẹ́ fi fún un."