Ọjọ́ Tí Mo Gbẹ́ Ojú Ara Mi Sára Òkúta Àwọn Sójà

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta ìrántí àwọn sójà wa ní Ìlá.

Tíṣà iṣẹ́ ọnà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sí ìlú òkèèrè, ó wá ku èmi àti rédíò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú ní kí n gbẹ́ òkúta kan fún àwọn ọmọ wa mẹ́rin tó kú sójú ogun lókè Ọya, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kan ilẹ̀kùn mi.

Mo ní n óò gbẹ́ sójà kan tó tẹrí ba, kí orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni n óò máa wò gbẹ́? Mo bá gbé dígí ìyàwó mi síta, mo fi í ti ara igi máńgòrò, mo sì dé ìkòkò kékeré kan bíi fìlà irin àwọn sójà.

Ìkòkò wọlé, kò jáde mọ́. Mo fà á, mo yí i, mo pariwo. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí ilé mi ṣe dákẹ́ tó. Bí mo ṣe jáde sí títì nìyẹn o, èmi àgbà, tèmi ti ìkòkò lórí. Ìyá aláte tó wà ní òdìkejì títì ló fi omi ọṣẹ yọ ọ́.

"Bàbá, ṣé orí yín lẹ fẹ́ sè ni?"

"Sójà ni mò ń gbẹ́."

"Ẹ ò bá ti pe èèyàn kó wá ràn yín lọ́wọ́."

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò pe ẹnì kankan. Ojú ń tì mí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi dá nìkan gbẹ́ ẹ lẹ́yìn ilé. Bí ìgbìmọ̀ bá wá wò ó, màá dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ pé. Alága ìgbìmọ̀ fa aṣọ kúrò. Ìyá aláte ló kọ́kọ́ figbe ta: "Háà! Bàbá fúnra wọn rèé!"

Mo wò ó dáadáa. Àpò abẹ́ ojú mi, ìhunjọ iwájú orí mi, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wò ó, mi ò rí i!

"Tíṣà, ogun wo lẹ jà?" ẹnì kan bi mí. Ni ẹ̀rín bá sọ.

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó rí ìyá ọ̀kan nínú àwọn sójà náà, tó ń gbé ní Ìrèsì báyìí. Kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó rìn dé ìdí òkúta, ó fọwọ́ kàn án.

"Ọmọ mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ ti sọ ọ́ di àgbàlagbà."

"Ẹ forí jì mí, Màmá. Mi ò rí ẹlòmíràn wò ni. Èmi nìkan ni mò ń gbé."

"Èmi náà, èmi nìkan ni." Ó wá yọ fọ́tò ọmọ rẹ̀ nínú báàgì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n gbé òkúta padà sẹ́yìn ilé mi kí n lè tún ojú rẹ̀ gbẹ́. Àwọn ẹbí yòókù náà mú fọ́tò tiwọn wá. Ní gbogbo Sátidé, Màmá á wọkọ̀ láti Ìrèsì, á jókòó sórí àpótí, á máa darí mi: "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ò tóbi báyẹn. Ẹ dín in kù." Á sọ bí ọmọ náà ṣe máa ń yọ iṣu jẹ nínú iná kó tó jinná, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a parí, sójà náà kò jọ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ó kàn jọ ọmọ ẹni.

Ohun tí mo kọ́ ni pé òkúta tí mo fẹ́ fi rántí ọmọ ọlọ́mọ, kò yẹ kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi gbẹ́ ẹ. Ìtìjú àtipe èèyàn ló kó bá mi. Títí dòní, bí mo bá gba ọjà kọjá, wọn a dìde, wọn a bẹ́rí fún mi: "Sójà, ẹ kú ojú ogun o!" Kí ni mo fẹ́ ṣe? Èmi náà á bẹ́rí padà, màá sì fi ara mi rẹ́rìn-ín délé.