Ẹṣin Bàbá Mulíkà Ń Mirí

Ọjọ́ tí mo sọ ara mi di dókítà ẹṣin ní Igbó-Ọrà, bí mo bá gbàgbé ọ̀nà ilé, n ò lè gbàgbé rẹ̀. Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ṣì wà láyé nígbà náà. Ó ti pé ọdún méjì báyìí tó ti lọ.

Nílùú wa níbí, ìbejì pọ̀ débi pé tí ẹ bá ké "Bàbá Táyé!" lójú títì, ọlọ́kadà mẹ́ta á yíjú. Èmi náà ń jẹ́ ẹ. Àṣàkẹ́ nìkan ló ń pè mí ní Àjàní, láàárọ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Ohun tí mo fi ń jí nìyẹn.

Àfi bí Bàbá Mulíkà, aládùúgbò wa tó ń ta sìmẹ́ńtì, ṣe ra ẹṣin funfun tí yóò máa gùn lọ kírun Iléyá, tó sì so ó sẹ́yìnkùlé wa. Àṣàkẹ́ ò kúnlẹ̀ mọ́. Bó bá ti jí, ọ̀dọ̀ ẹṣin ló ń forí lé pẹ̀lú èèpo iṣu. "Ọkọ mi, arẹwà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin!" Èmi ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, n ò gbọ́ Àjàní.

Ni mo bá lọ tan Bàbá Mulíkà pé atẹ́gùn dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta òkè, níbi tí Ìyá Ọládùn ti ń sá láfún, tó sì ń gún un. Kí ẹṣin ṣáà ti kúrò lójú ìyàwó mi. Ó gbà, ó lọ so ó síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í mirí: sókè, sílẹ̀, sókè, sílẹ̀, kò dúró. Bàbá Mulíkà sáré wá ké sí wa. Nígbà tí a débẹ̀, omi lé ròrò lójú Àṣàkẹ́. Ó kọjú sí mi: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò wá nǹkan ṣe?"

Mo rí i pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo ní, "Ẹ kúrò lọ́nà. Bàbá mi ló ń tọ́jú ẹṣin baálẹ̀ ní Ìgàngán." Irọ́ ni o. Ewúrẹ́ ni bàbá mi sìn títí ó fi kú.

Mo ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́ létí. Mo yọjú wo etí. Ó fi àgbọ̀n gbá fìlà mi bọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo ní kò burú, ìjánu ló há a lẹ́nu. Bí mo ṣe ń tú ìjánu, ó ta gìrì, ó sá. N ò ju okùn sílẹ̀, torí Àṣàkẹ́ ń wò mí. Ó wọ́ mi kọjá lórí ẹní Ìyá Ọládùn, mo forí sọ inú láfún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún.

Mo dìde, mo funfun ju ẹṣin lọ. Ni mo bá ń sín. Mo ń sín, mo ń mirí: sókè, sílẹ̀.

Bàbá Mulíkà lanu: "Yéè! Àìsàn ẹṣin ti ran Bàbá Táyé!"

Ìyá Ọládùn ju ọmọ odó sílẹ̀. "Àìsàn wo? Eruku láfún mi ló ń kó sí wọn nímú! Ta ló tiẹ̀ ní kí ẹ so ẹran síbi tí atẹ́gùn ń gbé láfún lọ?"

"Bàbá Táyé mà ni," ni Bàbá Mulíkà wí.

Àṣàkẹ́ tẹjú mọ́ mi. "Kí ni ẹṣin ṣe yín?"

Mo fẹ́ purọ́, sísín ò jẹ́. "Ọjọ́... ọjọ́ mẹ́sàn-án lo ò tíì pè mí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpáta. Ó fi etí ìró nù mí nímú níṣojú gbogbo wọn. "Àjàní ọkọ mi! Ẹṣin lẹ sọ di orogún yín!" Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo yíjú wo ẹṣin bóyá ó gbọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun téèyàn bá ń fẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, kó lanu béèrè é, kó tó sọ ara rẹ̀ di ẹṣin. Mo kọ́ ọ, n ò mọ̀ bóyá ó wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí a ti sin Àṣàkẹ́, bílẹ̀ bá ti mọ́, ẹṣin yẹn, tí Bàbá Mulíkà ti dá padà sẹ́yìnkùlé wa, á tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà wa, á máa retí. Àwọn ará àdúgbò a ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣọ̀fọ̀!" Inú a tún bí mi. Mo ní, ta ló kú fún ìwọ? Lẹ́yìn náà ni n ó wá rẹ́rìn-ín ara mi, arúgbó tó ń bá ẹṣin du òkú.