Àtẹ́wọ́ Bàbá Rélùwéè

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá kì í ṣe ti ilẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìyàwó. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń jà sí. Ẹni tó pe ẹjọ́ ni bàbá àgbàlagbà kan tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Rélùwéè, nítorí ọkọ̀ ojú irin ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì. Kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló wọ̀ wá, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò, ló pè lẹ́jọ́.

Kábíyèsí ní, "Bàbá, kí ni Ẹnjiníà gbà lọ́wọ́ yín?"

"Àtẹ́wọ́ mi ni, Kábíyèsí. Nígbà tó yẹ kí wọ́n pa á fún mi, ìbọn ni wọ́n yìn."

Ìjòyè kan tó ti ń tòògbé lajú. "Ta ló yìnbọn?"

"Ẹ̀rọ géèmù ni."

Ìjòyè náà tún dijú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ rèé. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Géèmù, ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, àwo kan tó ń dán, tó fẹ̀ tó tíréè, ló wà níkùn rẹ̀. Inú àwo yìí ni àwòrán àti ohùn ti ń jáde: ọkùnrin kan ń sáré nínú ihò àpáta, ó ń wá ọ̀nà jáde. Bó bá ṣubú, ẹyẹ á máa ké lórí rẹ̀. Bó bá jáde, èrò á pàtẹ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá Rélùwéè fi ń ta géèmù yìí lọ́sọ̀ọ̀sán, kò jáde rí. Nígbà tó yá, àwo gbó, ó ń fò. Ni Ìyá Géèmù bá pe Ẹnjiníà, ẹni yẹn yọ àwo dànù, ó fi kọ̀ǹpútà kékeré rọ́pò rẹ̀.

"Níjẹta, Kábíyèsí, mo jáde!" Bàbá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo dìde, mo tún kóòtù mi ṣe, mo ń dúró de àtẹ́wọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni gbàù!"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Abẹ́ tábìlì ni mo bá ara mi."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu àwọn ìjòyè, ṣùgbọ́n ojú bàbá náà kò gba ẹ̀rín.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ ojú irin. Bí mo bá gbé èrò dé láyọ̀, wọ́n á gbé ẹrù wọn, wọ́n á máa lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Ẹyọ kan tí màá gbọ́ láyé mi, ọkùnrin yìí sọ ọ́ di ìbọn."

Kábíyèsí kọjú sí Ẹnjiníà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi tẹ́sítà há àpò àyà.

"Kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ìbọn ọlá ni."

"Ìbọn kí ni?"

"Ìbọn ọlá. Ẹni kékeré ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni ńlá, ìbọn ni wọ́n ń yìn fún un. Mo gbé Bàbá ga ni."

Ìyá Géèmù fò dìde. "Àwọn ẹyẹ ńkọ́? Ní báyìí, bí ọkùnrin inú géèmù bá ṣubú, tẹlifóònù ló ń dún! Gbogbo oníbàárà mi á máa tọwọ́ bọ àpò. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ti ṣe 'hẹ́lò' lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Ẹ̀rọ ń pe ọkùnrin yẹn pé kó dìde ni," Ẹnjiníà dáhùn.

Onígbàjámọ̀ bọ́ síwájú. "Irọ́ ni, Kábíyèsí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni mo ṣe hẹ́lò."

"Nígbà tí ìbọn dún, kí ni ìwọ ṣe?" Kábíyèsí bi í.

"Mo dúró digbí bí ọkùnrin."

"Níbo?" Ìyá Géèmù bi í. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ dé abẹ́ tábìlì?"

"Òun ni," Bàbá Rélùwéè ní. "Orí rẹ̀ ni mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé."

"Kọ́ǹbù mi tó jábọ́ ni mò ń wá."

Kábíyèsí ní, "Oníbàárà tí ò ń fá lórí lọ́wọ́ ńkọ́?"

Onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀. "Kò tíì padà, Kábíyèsí. Apá òsì nìkan ni mo ti fá."

Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀. "Ẹnjiníà, fàwàdà sílẹ̀. Níbo lo ti rí ohùn wọ̀nyí?"

"Ohùn inú àwo ti bàjẹ́, Kábíyèsí, àwòrán nìkan ni mo rí yọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní ohùn tó bá a wáyé: fèrè, ìlù, ẹyẹ, oríṣiríṣi, méjìdínláàádóje. Mídì ni wọ́n ń pe ètò rẹ̀. Ẹ ò ní gbé ohùn fún un rárá. Nọ́ńbà lẹ máa kọ, bí olùkọ́ ṣe ń pe nọ́ńbà ọmọ ní kíláàsì. Ọmọ tó bá ni ín á dáhùn."

"Nọ́ńbà wo lo kọ fún àtẹ́wọ́?"

Ẹnjiníà fa ìwé pélébé kan tí wọ́n to nọ́ńbà àwọn ohùn náà sí yọ. "Èyí tó wà níbí ni, mẹ́tàdínláàádóje."

"Kí ló wà ní méjìdínláàádóje?"

Ó wò ó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìbọn ni."

"Ẹyẹ ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà."

"Kí ló tẹ̀ lé e?"

"Tẹlifóònù."

Ìjòyè tó ń tòògbé jí pátápátá. "Gbogbo wọn ti sún ní ìjókòó kan!"

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀rọ yẹn, láti ibo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà?"

Ẹnjiníà họrí, ó tún un họ. "Háà. Láti òdo ni, Kábíyèsí."

"Ìwọ àti ìwé rẹ ńkọ́?"

"Láti oókan, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ohun tí ìwé mi pè ní mẹ́tàdínláàádóje, mẹ́rìndínláàádóje ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ."

"Ìyẹn ni pé ìjẹta tiwa," ìjòyè náà bi í, "ìjejì ni lọ́dọ̀ ẹ̀rọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìbọn ọlá wá dà?" Kábíyèsí bèèrè.

"Kò sí mọ́, Kábíyèsí."

Ìyá Géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún bàbá náà. Onígbàjámọ̀ gbè é, àwọn ìjòyè náà ń gbọ́wọ́ sókè, àfi bí Bàbá Rélùwéè ṣe ní kí wọ́n dúró.

"Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, mi ò fẹ́ àtẹ́wọ́ àánú. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti fẹ́ gbọ́ tèmi."

Kábíyèsí mirí, ó sì dájọ́.

"Ẹnjiníà, pa ohùn ẹ̀rọ náà. Má fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Láti òní lọ, ìwọ ni nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádóje. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni wàá jókòó ti ẹ̀rọ náà. Bí Bàbá bá ṣubú, ké bí ẹyẹ. Bó bá jáde, pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ á fi gbóná. Ọjọ́ tó o bá pa á fún un, ọjọ́ náà lo tó lè tún nọ́ńbà ṣe, kó o máa lọ sílé rẹ."

Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí! Ọdún mọ́kànlá ló gbà wọ́n kí wọ́n tó jáde lẹ́ẹ̀kan!"

"A ó sì ka tìrẹ láti òdo."

Ẹnjiníà fàyà fà dé ẹsẹ̀ Bàbá Rélùwéè. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Ṣé ẹ lè tètè jáde lọ́sàn-án òní?"

Bàbá náà wò ó bó ṣe máa ń wo àwọn èrò tó bá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti fọn fèrè. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìjẹta, ó rẹ́rìn-ín.

"Kọ́kọ́ ké bí ẹyẹ kí n gbọ́ ná," ó ní. "Èmi ò kánjú."