Ayò Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba, Ẹni tó pín ọgbọ́n fún ẹ̀dá, tó sì ń bo àṣírí àwa tí a rò pé tiwa pọ̀ ju ti aládùúgbò lọ.

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi títí màá fi wọ káà ilẹ̀. Nígbà ìjọba àwọn sójà ni, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-kéwú kan ní Àpòmù. Ayò ọlọ́pọ́n àti lúdò ti sú mi, mo bá ronú ayò tuntun. Mo fa ilà sára pákó, ẹ̀kùrọ́ ni ọmọ ayò ẹnì kan, òkúta wẹ́wẹ́ ni ti ẹnì kejì. Mo ya kànga sí àárín. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé kànga ló borí. Kò sí dáìsì, làákàyè lásán ni.

Ìyàwó mi ni mo fi dán an wò nílé wa ní Ìkirè. Gbogbo ìgbà ló máa ń ní, "Bàbá Sàkírátù, ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lolórí ilé." Èmi á bẹ̀rẹ̀, èmi á sì borí. A ta á títí ọbẹ̀ fi jóná, n ò pàdánù rí. Mo ní háà, orí mi pé o!

Mo wá fẹ́ kí àwọn ọmọ kéwú máa ta á, kí orúkọ mi lè kù sẹ́yìn ní Àpòmù. Àfáà Àgbà tó ni ilé-kéwú wo pákó náà bí ẹni wo ejò.

"Ùsítáàsì, ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ lèyí?"

"Ká má rí i, Àfáà! Nínú eléyìí, ọlọ́gbọ́n níí borí, òpè níí fìdí rẹmi."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Wọ́n ní kí n wá ta á níwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Alàásárì. Bó bá jẹ́ ọgbọ́n lóòótọ́, wọn á gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n fi pákó náà dáná.

Bàbá Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, ló kọ́kọ́ jókòó. Ta ló máa ṣáájú ẹni tó tó bàbá rẹ̀? Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n borí. Àgbẹ̀ kókó kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, baba arúgbó tí kò tíì gbọ́ òfin ayò náà tán, bọ́ síbẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó sì borí, tòun ti obì lẹ́nu!

"Òpè!" Bàbá Télọ̀ kígbe. "Ṣé ìwọ lo ṣe ayò yìí, àbí o rí i he lọ́nà Wásinmi?"

Àwọn ọmọ tí mo nà lẹ́gba láàárọ̀ ń fọwọ́ bo ẹnu. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo ní kí Àfáà Àgbà fúnra wọn wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n borí, wọ́n wá rọra bi mí: "Ọlọ́gbọ́n níí borí, àbí kí lo wí?"

Mo délé, mò ń fapá jánú. Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ níí borí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"O mọ̀! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Inú yín ń dùn."

Ilẹ̀ mọ́, mo sáré padà sí Àpòmù, mo ní a ó tún òfin ṣe, kí àbúrò máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá fárí gá. Kí ọmọdé ṣáájú àgbà? Èèwọ̀! Àfáà Àgbà ní ayò náà kì í ṣe tẹ́tẹ́ rárá, ó ń kọ́ ọmọ ní ìbọ̀wọ̀ fágbà. Wọ́n gba pákó, wọ́n kọ àtúnṣe. Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ayò Òpè ni wọ́n sọ ọ́, ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ dán ọgbọ́n ara rẹ̀ wò, kó wá ẹni tí kò ní bọ̀wọ̀ fún un. Bí mo bá rántí baba olóbì yẹn, inú ṣì máa ń bí mi, àmọ́ ẹ̀rín kì í jẹ́ kí n bínú tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọgbọ́n tẹ́ ẹ fi ń yangàn nílé dójú tì yín níta. Àmín.